Ariwo Kì í Ṣe Àtúnṣe

Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ní Yúróòpù ti ń wá orin àtijọ́ ilẹ̀ Tógò àti ilẹ̀ Benin kiri. Analog Africa ti Jámánì gbé African Scream Contest jáde ní 2008, ó sì gbé àkójọ orin Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu tẹ̀ lé e. Hot Casa ti ilẹ̀ Faransé gbé Togo Soul 70 jáde ní 2016. Àwa Ifẹ̀ tí a wà ní Atakpamé ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí orin Lomé, ti Kútọnu àti ti Èkó, tiwa ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni àwọn èèyàn ń pè ní ọ̀kan. Kí a wá orin tó ti sọnù rí, kí a tún un tẹ̀, kí a sanwó fún ẹni tó ni ín, iṣẹ́ kan nìyẹn, ẹni tó bá ṣe é ó kú iṣẹ́. Kí a wá fi kọ̀ǹpútà gbé ohùn rẹ̀ sókè, kí a fá gbogbo ìró tí etí òde òní kò fẹ́ dànù, èyí tí wọ́n ń pè ní rímásítà, iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni. Ti èkejì yìí ni mo bá jà. Ó ń ba orin jẹ́.

Nínú orin tí wọ́n gbà sórí téèpù, ibi tó rọlẹ̀ wà, ibi tó ga wà. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á tẹ ibi gíga wálẹ̀, wọn á wá gbé gbogbo rẹ̀ ròkè títí tí méjèèjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí èèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á rò pé orin náà ti lágbára sí i, torí etí máa ń ka èyí tó pariwo díẹ̀ ju ìkejì lọ sí èyí tó dára jù. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Iggy Pop tún àwo Raw Power ṣe ní 1997, ó sì pariwo débi pé ohùn inú rẹ̀ ń fọ́. Ní 2002, nígbà tí wọ́n tún àwo méjì àkọ́kọ́ Ozzy Osbourne tẹ̀, wọ́n yọ ìlù àti béèsì àwọn tó lù ú tẹ́lẹ̀ kúrò, wọ́n fi ti ẹlòmíràn rọ́pò. Ní 2011, wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìyẹn kì í ṣe rímásítà gidi kò purọ́, àmọ́ èrò kan náà ló bí méjèèjì: pé iṣẹ́ tó ti parí kò tíì parí.

Ní ti orin tiwa, ìpalára náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbọ́ àpàlà Haruna Ishola mọ̀ pé ìlù kì í ké látòkèdélẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò ní pa òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ìlù dà, ọ̀rọ̀ tí gángan ń sọ á ṣì yéni. Ohun tó ń gbà lọ ni bí onílù ṣe rọra sọ èyí, tó sì fi agbára sọ tọ̀hún, ibẹ̀ gan-an la sì ti ń mọ ìgbà tó ń bẹ̀bẹ̀ àti ìgbà tó ń pàṣẹ. Ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tún burú sí i. Téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ ti sọnù, ara àwo tí abẹ́rẹ́ ti họ ni wọ́n sì ti ń yọ orin. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kó pa ariwo abẹ́ orin kò mọ̀ pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ibì kan náà ni ìró méjèèjì ń gbé, bó bá fá ọ̀kan, á fá èkejì mọ́ ọn. Ẹ tún wo Poly-Rythmo. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Nagra ni wọ́n gbé wọ inú ilé láti gba àwọn orin inú àkójọ wọn, The Vodoun Effect, láàárín 1972 sí 1975, nígbà tó jẹ́ pé sítúdíò EMI ní Èkó ni wọ́n ti gba púpọ̀ nínú èyí tí ilé-iṣẹ́ àwo orin Albarika Store tẹ̀. Yàrá méjèèjì ń dún yàtọ̀ síra wọn nínú àwo. Ẹni tó bá sọ wọ́n di ọ̀kan ti pa ẹ̀rí rẹ́.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn rímásítà á ní àìní ló jẹ́ kí béèsì àtijọ́ kéré, torí bí béèsì bá pọ̀ jù, abẹ́rẹ́ á fò lórí àwo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó to orin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi gìtá àti fèrè dí àlàfo yẹn. Ẹ ti béèsì sókè lónìí, ẹ ó rí i pé ìtò rẹ̀ dàrú. Peter Solo, ọmọ Tógò tó dá Vaudou Game sílẹ̀, kò ka ohùn ìgbà yẹn sí àìní rárá: inú sítúdíò àtijọ́ Office Togolais du Disque ní Lomé ló padà sí láti gba àwo Otodi, tó jáde ní 2018.

Wọ́n á tún ní ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù gbọ́ orin nínú ọkọ̀ láti Lomé sí Kara kò ní gbọ́ ibi tó rọlẹ̀. Fóònù rẹ̀ ní bọ́tìnì. Èyí tó tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé Spotify àti YouTube fúnra wọn máa ń fa orin tó bá pariwo jù wálẹ̀, kó má bàa ju àwọn tó kù lọ. Ariwo tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ba orin jẹ́, wọ́n á gbà á padà lọ́wọ́ wọn, orin pẹlẹbẹ ló máa ṣẹ́kù.

Àtúnṣe kan wà tí n kò bá jà. Apá kìíní Kind of Blue ti Miles Davis, tó jáde ní 1959, sáré ju bó ṣe yẹ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí àṣìṣe ẹ̀rọ téèpù; àwọn tó dá ìyára rẹ̀ padà ní àwọn ọdún 1990 dá ohun tí àwọn olórin náà lù padà fún wọn ni. Kí àwọn tó ń tẹ orin wa ṣe bẹ́ẹ̀: kí wọ́n fọ àwo, kí wọ́n dá ìyára tó tọ́ padà, kí wọ́n dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta ti aláriwo, kó fi èyí tí a kò fọwọ́ kàn sínú páálí kan náà, kó sì kọ ohun tó yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ̀dà èyí tí a kò fọwọ́ kàn náà sì wà ní Lomé, kó má jẹ́ Frankfurt àti Paris nìkan ni a ti lè rí i.