Owó oṣù sójà nìkan kọ́ ni ìnáwó ogun

Ní Zongo níbí, ní Parakú, ìlú wa ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Malanville ń gbà kọjá, ti sójà náà ń gba ibẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2022 tí ìjọba ti dá Opération Mirador sílẹ̀, nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun ni wọ́n kó lọ ṣọ́ ẹnubodè ní Alibori àti Atacora. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ti délẹ̀, ohun tí a máa ń béèrè ni pé: èló ni wọ́n ń san fún sójà lóṣù? Lójú tiwa, ìbéèrè yẹn kò tó.

Ẹni tó fẹ́ fi alùpùpù ṣe zémìjáàn, bó bá ka owó tó fi rà á, tí kò ka epo, táyà àti owó mẹkáníìkì, kò ní pẹ́ tó fi máa jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sójà. Ó ń jẹun, ó ń wọṣọ, ọkọ̀ tó ń gbé e ń mu epo, ó sì yẹ kó gba àfikún nítorí ewu. Bó bá fara gbọgbẹ́, owó ìwòsàn ń bẹ níwájú. Bó bá kú, ìnáwó orí rẹ̀ kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí a ti ń ṣe é ní kíláàsì. Ká ní sójà ẹni ọdún 25 kú, ó fi ọmọ ọdún kan sílẹ̀. Kí ọmọ náà tó pé ọdún 18, ó ku ọdún 17, ìyẹn oṣù 204. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn agbésùmọ̀mí pa àwọn sójà wa nítòsí ẹnubodè Nìjẹ̀r àti Burkina Faso. 8 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde. Nígbà tó yá, ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé 54 ni. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀, ọmọ 54 nìyẹn. Bí ìṣúná kò bá rí wọn, ìyá àgbà tó ń tajà ni yóò máa tọ́ wọn.

Kíkà àwọn tó wà láàyè náà ṣe pàtàkì. Ní Ìráàkì lọ́dún 2014, olórí ìjọba wọn kéde pé àwọn rí orúkọ 50,000 sójà tó ń gba owó, tí wọn kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Níbi tí orúkọ bá ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, owó ẹni tó ń jà ni ẹlòmíràn ń jẹ.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ogun kì í ṣe ohun tí à ń sọ ní gbangba. Òótọ́ ni. A kò ní kí wọ́n sọ iye ìbọn tàbí ibi tí sójà ń sùn. Ohun tí à ń béèrè kò ṣe ọ̀tá láǹfààní kankan: nígbà tí ìṣúná bá dé Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́, kí àwọn aṣòfin wa béèrè iye tó wà fún àwọn tó fara gbọgbẹ́, iye tó wà fún opó àti ọmọ òrukàn, àti iye ọdún tí wọn yóò fi máa san án.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ bá aṣòfin agbègbè yín sọ ọ́.