Ère Henry Johnson

Nílé òkú la ti máa ń gbọ́ òwe yìí jù: "Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè." Láyé àtijọ́, àwọn ará Ọ̀wọ̀ a tilẹ̀ máa gbẹ́ ère àkó fún olóògbé pàtàkì, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ láṣọ iyì. Bí ìpẹ̀ la ṣe ń pa òwe náà, àfi bí ẹni pé bí Elédùmarè ṣe dá ayé nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn ni àwọn àgbà fi kan àwa alààyè.

Ẹ wo ti Henry Johnson. Ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú Albany, ní Amẹ́ríkà, ló ti ń bá èrò ru ẹrù kó tó wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ 369 tó wà. Àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí wọ́n jagun lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláwọ̀ funfun, ni wọ́n bá yọ̀ǹda wọn fún Faransé.

Lóru ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1918, òun àti Needham Roberts ń ṣọ́nà lágbègbè igbó Argonne nílẹ̀ Faransé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tó tó méjìlá, ó kéré tán, já lù wọ́n. Roberts fara gbọgbẹ́, kò lè dìde mọ́. Johnson ju bọ́ǹbù títí ó fi tán, ó yìnbọn títí ìbọn fi há, ó wá ń fi ìdí ìbọn lù wọ́n títí igi rẹ̀ fi fọ́. Ìgbà tó rí i pé wọ́n ti ń wọ́ Roberts lọ, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó sì gba ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀. Ọgbẹ́ 21 ló wà lára rẹ̀. Faransé fi àmì ẹ̀yẹ Croix de Guerre dá a lọ́lá lójú ayé rẹ̀.

Ilé tirẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ polówó sítáǹbù tí ìjọba fi ń kó owó ogun jọ, wọ́n hó yèè fún òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nígboro New York lọ́dún 1919. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò mẹ́nu ba ọgbẹ́ kankan. Ẹsẹ̀ tó ti bàjẹ́ kò sì jẹ́ kó lè ru ẹrù bíi tàtijọ́. Ó kú ní oṣù Keje ọdún 1929, láìgba àmì akin kankan lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá dère lóòótọ́: lọ́dún 1991, wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Albany. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2015, Ààrẹ Obama fún un ní Medal of Honor, àmì akin tó ga jù nílẹ̀ wọn. Wọn ò rí ẹbí tó lè gbà á. Sójà kan, Louis Wilson, ló gbà á. Inú mi dùn sí ẹ̀yẹ náà. Ohun tó dùn mí ni pé Ọ̀gágun Pershing, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Faransé nígbà náà, ti kọ̀wé nípa ìwà akin Johnson látọdún 1918. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ ni.

Àwa náà ní Nàìjíríà ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní lọ́dọọdún ní ìrántí àwọn ológun wa tó ti kú, bẹ́ẹ̀ àwọn tó fẹ̀yìn tì ti lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìṣúná l'Ábújá rí nítorí owó wọn. Bí sójà àgbà kan bá wà ládùúgbò yín, ẹ lọ kí i. Ẹ bi í bóyá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń wọlé. Bí kò bá wọlé, ẹ bá a kọ̀wé, kí ẹ sì tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì.