Orin Tó Ti Inú Fóònù Dé Òkè Òkun

Ní àdúgbò bíi Boukoki, ní Niamey, olú ìlú Niger, ẹni tó bá fẹ́ orin tuntun kì í dààmú wá ṣọ́ọ̀bù àwo. Yóò na fóònù rẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò san sẹ́fà díẹ̀, orin á sì wọ inú mẹ́mọ́rì káàdì kíá.

Ọ̀nà yìí náà ni Mdou Moctar, ọmọ Tuareg tó ń fọwọ́ òsì ta gìtá, gbà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní 2008, ó ré kọjá sí Sókótó ní Nàìjíríà lọ gba ohùn àwo orin rẹ̀, Anar, sílẹ̀. Láti fóònù dé fóònù ni orin náà tàn ká aṣálẹ̀. Ọdún 2014 ni iléeṣẹ́ Sahel Sounds ti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sórí àwo. Lára àwọn àwo rẹ̀ tó jáde lẹ́yìn náà ni Afrique Victime ní 2021, Funeral for Justice ní 2024, àti Tears of Injustice ní 2025. New York ni wọ́n ti gba ohùn èyí tó kẹ́yìn yìí, lẹ́yìn tí ìfipágbàjọba oṣù Keje 2023 ní Niger ká òun àti ẹgbẹ́ orin rẹ̀ mọ́ ìrìn àjò.

Òkìkí dára, ṣùgbọ́n òkìkí kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tó da orin kọ gba sẹ́fà. Olórin gba orúkọ lásán. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká máa sanwó iṣẹ́ olórin wa nílé, kí àlejò tó bá wa mọ iyì rẹ̀.