Iṣẹ́ Ajẹ́ǹtì Ilẹ̀ Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọwọ́dilẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Níbi ìkómọ, nínú ọkọ̀ Òṣogbo, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìlobùú, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lè máa fi ilẹ̀ títà pawọ́, ẹni tó bá fi ṣe iṣẹ́ oòjọ́, ọ̀lẹ ni, tàbí gbájú-ẹ̀.

Ó dáa. Tíṣà tó ń ṣe ajẹ́ǹtì, aago mélòó ló fẹ́ dé ọ́fíìsì ìjọba ní Abéré? Ibẹ̀ la ti ń wádìí bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, òun náà sì wà ní kíláàsì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ọ́fíìsì ti wà ní títì. Nítorí náà kì í lọ. Yóò mú oníbàárà dórí ilẹ̀, yóò nàka sí pèrègún, yóò ní "Láti ibí dé ọ̀hún ni", yóò sì gba owó tirẹ̀.

Níbòmíràn, owó lè ṣòfò kó tán síbẹ̀. Láàárín Ìlobùú àti Ifọ́n ńkọ́? Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n ni ti Orólú, ìjà ààlà sì ti wà láàárín wọn tipẹ́. Ní 2025, ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò, Gómìnà Adélékè fi òfin kónílé-ó-gbélé de ìlú méjèèjì. N kò sọ pé ajẹ́ǹtì ló dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ta ilẹ̀ ẹ̀bá ààlà yẹn fún àlejò láìwádìí lápá méjèèjì, àlejò náà gan-an ló tà!

Ìwádìí sì ń jẹ ọjọ́. Olórí ẹbí wà lóko, àwọn olórí ojúlé yòókù ti tú ká sí ìlú mìíràn. Tí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí ìfọwọ́sí wọn, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Tí ọmọ ẹbí lásán bá tà á láìsí olórí, òfo ni látìbẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti fìdí èyí múlẹ̀ ní 1959. Nọ́ńbà ara òkúta sọ́fè gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu: ẹnì kan ní láti wọ igbó, kó bẹ̀rẹ̀, kó fọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀, kó kà á. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún ní ẹni tó ní sí-ọ́f-ò, ìwé àṣẹ ìní ilẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà. Ta ni yóò máa tẹ̀ lé fáìlì yẹn kiri? Tíṣà yẹn náà ni?

Wọ́n ní owó iṣẹ́ ajẹ́ǹtì kì í wá lóṣooṣù. Ti àgbẹ̀ ńkọ́?

Wọ́n ní owó oṣù tíṣà kò tó gbọ́ bùkátà. Òótọ́ ni. Kó máa kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́; tó bá ṣàṣìṣe níbẹ̀, wọn ò ní tìtorí ẹ̀ wó ilé onílé.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ajẹ́ǹtì, kó jókòó tì í, kó ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti lè rí i lọ́jọ́ tí ọmọ onílẹ̀ bá yọ àdá. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi ajẹ́ǹtì yín léèrè ọjọ́ tó dé Abéré kẹ́yìn, kí ẹ sì ní kó mú ìwé tí wọ́n fún un níbẹ̀ wá.