Ǹjẹ́ Ó Yẹ kí Onígbàgbọ́ Máa Lépa Ipò Ńlá?

Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò ní ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Òmíràn ń lálàá pé òun yóò di dókítà, òmíràn pé òun yóò di adájọ́; òmíràn kò sì fẹ́ ju pé kí òun kọ́ ilé fún ìyá tí ó fi gààrí títà rán òun ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé Ọlọ́run, ẹ̀kọ́ méjì tí kò bára mu ni etí rẹ̀ máa ń gbọ́. Àwọn kan a wí fún un pé onígbàgbọ́ tòótọ́ kò gbọdọ̀ lépa ohunkóhun ní ayé. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ó máa retí ohun tí Ọlọ́run yóò ṣe. Àwọn mìíràn a wí pé ohun yòówù kí ó fẹ́, bí ó bá ti gbààwẹ̀ tí ó sì gbàdúrà, ọwọ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ dandan. Ẹ̀kọ́ méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Ti èkíní kò tọ̀nà, nítorí ó sọ ọ̀lẹ di olùfọkànsìn. Àgbẹ̀ tí kò kọ ebè, tí ó ń wo ojú ọ̀run, òjò lásán ni yóò pa á; kò ní wa iṣu. Ti èkejì sì léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó sọ Ọlọ́run di ìránṣẹ́ ẹ̀dá. Ọmọ tí ó bá gba irú ẹ̀kọ́ yìí gbọ́, ní ọjọ́ tí ó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ìgbàgbọ́ rẹ̀ pàápàá lè bá a lọ.

Nínú Ìhìnrere Mátíù, ìyá àwọn ọmọ Sébédè mú ọmọ rẹ̀ méjèèjì tọ Jésù wá, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀kan jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí èkejì sì jókòó ní ọwọ́ òsì rẹ̀, nínú ìjọba rẹ̀. Inú bí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn mẹ́wàá yòókù. Ṣùgbọ́n Jésù kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn fẹ́ di ńlá. Ìtumọ̀ ńlá ni ó yí padà: ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe olórí di ìránṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìgbésí-ayé Samuel Àjàyí Crowther fi òtítọ́ yìí hàn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ìlú rẹ̀, ní ọdún 1821, nígbà tí ó wà ní bí ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Kí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa lálàá rẹ̀? Nígbà náà, kò tíì sí ọmọ Áfíríkà kan tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà, tí ọmọ náà ìbá fi wí pé bí ti lágbájá ni òun fẹ́ dà. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó gbájú mọ́: ó kọ́ ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1843. Lẹ́yìn náà ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá, ó ń wàásù, ó sì ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè àwọn ènìyàn rẹ̀. Abẹ́òkúta ni ó ti tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní ọdún 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n.

Nígbà tí Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S., fi oyè bíṣọ́ọ̀bù lọ̀ ọ́, Àjàyí kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Ẹ̀bẹ̀ ni Venn fi bẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbà. Ní Canterbury ni wọ́n ti fi í jẹ oyè náà ní ọdún 1864. Ṣùgbọ́n oyè kò mú ìrọ̀rùn wá. Ní ọdún 1890, nígbà tí ó ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere òyìnbó wá tú iṣẹ́ rẹ̀ ní agbègbè Odò Ọya wò, wọ́n sì dá púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé oyè nìkan ni ó fi ayé rẹ̀ lépa, òfo ni ìbá já sí. Ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá, tí òun àti àwọn ẹlòmíràn túmọ̀, tí odindi rẹ̀ sì parí ní ọdún 1884, kò sí ìgbìmọ̀ tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ nípa àlá rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ, ta ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀? Ẹni tí ó fẹ́ di dókítà kí ó lè wo aláìsàn sàn, àti ẹni tí ó fẹ́ ẹ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa dọ̀bálẹ̀ fún un, orúkọ kan náà ni àlá wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn sí ara wọn. Èyí èkejì ni yóò jí ìwé wò nínú ìdánwò, tí yóò sì tún lọ dúpẹ́ ní ilé Ọlọ́run. Bí kò bá sì ṣẹ ńkọ́? Ẹni tí ó fẹ́ wo aláìsàn, bí kò tilẹ̀ di dókítà, yóò rí aláìsàn tọ́jú. Ẹni tí ó fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ kò ní rí nǹkan kan dì mú.

Nítorí náà, kí ọmọ ilé-ìwé lálàá, kí àlá rẹ̀ sì ga; kí ó ṣí ìwé rẹ̀, kí ó sì gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí ó di àlá náà mú bí ohun tí wọ́n fi pa mọ́ sí i lọ́wọ́: kí ó tọ́jú rẹ̀ dáradára, kí ó má sì bínú ní ọjọ́ tí Olúwa rẹ̀ bá béèrè rẹ̀ tí ó sì fi òmíràn rọ́pò.