Ìwé Wo Ni Ó Kàn Lẹ́yìn Ìwé Ìdánwò?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá mọ ọjà Ajah mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ó ti Badore wá, ẹni tí ó gba Langbasa kọjá, àti ẹni tí ó ti Sangotedo bọ̀, gbogbo wọn ni ó ń pàdé níbẹ̀, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ bá gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìwé Yorùbá kíkà, àwa olùkọ́ a di gbogbo ọ̀nà yòókù pa, a ó sì dá ẹyọ kan ṣoṣo sí, èyíinì ni ọ̀nà ìwé àṣàyàn tí àjọ ìdánwò là sílẹ̀. Ọ̀nà náà kò burú. Ohun tí ó burú ni pé a ti mú kí ọmọ gbà pé ibi tí ọ̀nà náà pin sí ni ìwé Yorùbá pin sí.

Ní àsìkò òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ní àdúgbò wa, ni àwọn tí yóò ṣe ìdánwò WAEC ti oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà máa ń wá bá olùkọ́ wọn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a kà?” Ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń béèrè gan-an ni pé, “Kí ni wọn yóò bi wá?” Àwa náà a sì dá wọn lóhùn bí wọ́n ti béèrè. A ó ní kí wọ́n lọ ra ìwé àkótán, èyí tí a fi ìbéèrè àti ìdáhùn kún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ó mọ ìhùwàsí ẹ̀dá-ìtàn, ó mọ kókó-ọ̀rọ̀, ó mọ ọgbọ́n ìsọ̀tàn, ó sì lè ka àkànlò-èdè mẹ́wàá láìsímẹ̀ẹ́dọ̀. Mo wá bi í pé ibo ni ó pa á lẹ́rìn-ín jù nínú ìtàn náà. Ó wo ojú mi, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà, kò sí nínú ìwé mi.” Kò ṣí ìwé ìtàn náà rí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n mo rántí pé èmi ni olùkọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ̀bi kò sí lórí àga akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹjọ́ tí mo ń rò níwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi kò gùn. Mo ní iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá kò tí ì parí nígbà tí ọmọ bá yege nínú ìwé tí a yàn fún un. Ìgbà tí ọmọ náà bá lè yan ìwé mìíràn fúnra rẹ̀, kí ó sì kà á láìsí ẹni tí ó dá a nígi lẹ́yìn, nígbà náà ni iṣẹ́ wa parí. Mo sì tún ní ìwé tí yóò tẹ̀ lé ìwé ìdánwò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó súnmọ́ ayé ọmọ náà, kì í ṣe èyí tí àwa àgbà ń fi yangàn.

Ibí yìí ni èmi àti ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa yóò ti pínyà. Bí a bá bi wọ́n léèrè ìwé tí ó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ kà, wọn a ní ti Fágúnwà ni. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn pé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, ni òpó kan gbòógì nínú ilé ìtàn àròsọ wa. Ṣùgbọ́n gbólóhùn Fágúnwà gùn bí odò. Òwe wọ́n lé òwe níbẹ̀, ìwàásù a sì máa dá ìtàn dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kà á mọ oko, wọ́n sì mọ ọdẹ. Ọmọ tí a bí sí Ajah lóde òní ńkọ́? Níbi tí àbàtà wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi yanrìn dí i, wọ́n ti kọ́ ilé sí i. Inú sinimá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí ọdẹ. Àwọn mìíràn sì wà láàárín wọn tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí wọn rárá. Bí a bá gbé Fágúnwà kalẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, egungun ni a fún ẹni tí kò tí ì hu eyín. Kò ní lè jẹ ẹ́, yóò sì gbà pé bí gbogbo oúnjẹ ilé wa ti rí nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn Fágúnwà ní tòótọ́, kí ó mú òǹkàwé tí ó ti gbára dì lọ bá a.

Kí ni kí ọmọ náà wá kọ́kọ́ kà? Èmi yóò fún un ní Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ni ó ń lépa àwọn ọ̀daràn níbẹ̀, tòun ti Tàfá Ìgíripá. Ọmọ tí ó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ kò nílò alálàyé kí ó tó mọ ohun tí ọkọ̀, olè àti ọlọ́pàá jẹ́. Bí ó bá parí rẹ̀, Àgbàlagbà Akàn ti 1971 ń dúró dè é. Èmi yóò fún òmíràn ní Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? tàbí Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé, nítorí ìwé tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè kò ní jẹ́ kí ọmọ sùn títí yóò fi rí ìdáhùn. Fún ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti ń yọ lọ́kàn rẹ̀, Ó Le Kú ti Akínwùnmí Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀ láti 1974, pẹ̀lú Àjàní àti wàhálà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà ní yunifásítì Ìbàdàn. Túndé Kèlání ti sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ẹni tí ó bá ti wo fíìmù náà ti rin ìdajì ọ̀nà.

Àwọn kan yóò ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò níyì tó. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún Òkédìjí kà. Ẹnu kò lè ròyìn bí ó ti ń lọ́ òwe po, tí ó sì ń fi èdè dápàárá, nígbà tí ọ̀ràn gbóná janjan. Òkédìjí yìí kan náà ni ó kọ Réré Rún ní 1973, eré-onítàn tí ó dá lórí ìyà àwọn òṣìṣẹ́ àti olórí wọn, Láwúwo, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń mú omijé wá. Ọmọ tí ó tẹ̀ lé Lápàdé nítorí eré ìje yóò bá òǹkọ̀wé kan náà dé ọ̀dọ̀ Láwúwo nítorí ìrònú. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kan ṣe ń fa òmíràn lọ́wọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé iyì ni à ń wá, ẹ jẹ́ kí a wo Èkó fúnra rẹ̀. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ àwọn lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, kí ó tó di ìwé ní 1930. Ìgbésí ayé obìnrin kan tí ó lo ẹwà rẹ̀ nílòkulò ní ìlú Èkó ni ó sọ, àwọn ará Èkó sì ń retí rẹ̀ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Kò sí ìdánwò kan tí ó fi ipá mú wọn. Ìwé yẹn kì í ṣe ti ọmọdé. Àwa olùkọ́ ni ó yẹ kí ó kàn. Karin Barber ti tún un gbé jáde ní 2012, àti Yorùbá àti ìtumọ̀ rẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ti kà á? Olùkọ́ tí kò ka ìwé tuntun mọ́ kò lè sọ èyí tí ó kàn fún ọmọ.

Wọn yóò ní kò sí owó. Òótọ́ ni pé ìwé wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni kò mọ bí a ti ń dá àjọ? Bí ogójì ọmọ bá wà ní kíláàsì, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan ṣoṣo wá, tí kò sì sí méjì tí ó jọra, ogójì ìwé ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni tí ó bá kà á tán sì sọ èrò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: olùkọ́ yóò gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ràn, àwọn ọmọ yóò sì gbọ́ ohun tí olùkọ́ mọ̀.

Wọn yóò ní kò sí àyè nínú ìlànà ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin olùdánwò, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àyọkà tí wọn yóò fi dán yín wò nínú àkàyé kò sí nínú ìwé àkótán kankan, àròkọ tí ẹ ó kọ kò sì sí níbẹ̀. Ibi tí ẹ ti lè rí ọ̀rọ̀ tí ẹ ó lò ni inú ìwé tí ẹ kà láìjẹ́ dandan. Ẹni tí àkótán nìkan ni ó kà, èdè àkótán nìkan ni yóò kọ.

Àwọn mìíràn gbójú lé òfin. Ní 2018 ni Gómìnà Ambọ̀dé buwọ́ lu òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ó dára. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di 2025, wọ́n fagi lé e. Òfin a máa dé, òfin a sì máa lọ. Ìwé tí ọmọ ti fẹ́ràn kò sí mínísítà tí ó lè fagi lé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ tí ìdánwò parí jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ yóò ju ìwé Yorùbá sórí àjà. Bí ẹyọ ọmọ kan bá padà wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ kejì ìdánwò, tí ó ní, “Mo ti ka èyí tán. Ìwé wo ni ó kàn?” ẹ mọ̀ pé ẹ kọ́ ọ ní Yorùbá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì padà wá, ẹ má ṣe fi èsì ìdánwò tan ara yín jẹ.