Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ dá ọkọ̀ dúró ní àárọ̀ ọyẹ́

Ẹ̀yin Kábíyèsí wa, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Tógò, ẹ kú ọyẹ́ o. Ọyẹ́ tí mo fi kí yín yìí náà ni mo fẹ́ bá yín jà sí.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ó lé ní wákàtí méjì tí a fi sọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ fún ọdún tuntun. A jiyàn lórí àwọ̀, a jiyàn lórí iye owó. Nígbà tí ẹnì kan dìde pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èèyàn wa ní òru, alága ní ilẹ̀ ti ṣú. Àwa náà sì dìde, a lọ jẹun. Mo wà níbẹ̀, mo jẹun pẹ̀lú yín, nítorí náà kì í ṣe ẹlòmíràn nìkan ni mò ń bá wí.

Ohun tí a máa ń sọ ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi sùn, kò sí ìjì. Òótọ́ ni pé ìjì líle kì í pọ̀ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì bíi ti oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Àmọ́ ta ló sọ pé ìjì nìkan ló ń pa ọlọ́kọ̀? Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn wá, ó ń gbé eruku aṣálẹ̀ bọ̀, pàápàá láti ibi tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ọ̀sà fúnra rẹ̀ ń tú ìkuukùu sókè. Bí eruku àti ìkuukùu bá pàdé, ojú kò ríran mọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì, tó ń sá ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, yóò rin mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 18. Bí ọkọ̀ kejì bá ń bọ̀ níwájú ní eré kan náà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ló kù. Kí atukọ̀ tó pariwo, wọ́n ti kọlu ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní oṣù kìíní ọdún kan, mo wọ ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́, a ń lọ sí Badagry. Aago mẹ́rin òru la gbéra, torí pé gbogbo wa fẹ́ bá ọjà. Ẹrù kún, èèyàn kún, kò sí ẹnì kan tó wọ gilet. Kò tíì pé wákàtí kan tí a fi wọ inú funfun kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ọmọkùnrin tó jókòó níwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, n kò rí orí rẹ̀ mọ́, iná tọ́ọ̀ṣì nìkan ni mò ń rí. Atukọ̀ kò dín eré kù. Ó ní òun mọ ọ̀nà náà bí ọwọ́ òun. Ibi tó mọ̀ yẹn ló ti gbé wa wọ inú àkájà, láàárín igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ sì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbo-ilé kan ní ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì mí ti wá, ó di apá mi mú, kò sọ nǹkan kan. Igi ni gbogbo wa dì mú títí oòrùn fi mú, tí apẹja kan fi gbọ́ igbe wa. Kò sí ẹni tó kú lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ni ọlọ́kọ̀ fi ń yangàn títí dòní.

Ti òkun tún yàtọ̀. Àwọn apẹja wa ní Sèmè, ní Grand-Popo, títí dé Aného, mọ̀ pé ìgbì ńláńlá tó ń fọ́ létí òkun máa ń le jù láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Ọ̀nà jíjìn réré ní gúúsù ni ìjì ti ń rú u, nígbà òtútù tiwọn lọ́hùn-ún, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n, wọ́n sì ń ṣọ́ra. Ní ìgbà ọyẹ́, ìgbì rọlẹ̀, ọkàn wọn náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú òkun. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kì í ṣe ilé ni afẹ́fẹ́ yẹn ń gbé ọkọ̀ lọ. Eruku kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó wà létíkun rí i.

Ní pápákọ̀ òfurufú Kútọnù, wọ́n ń wo bí ojú ṣe ríran jìnnà tó, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wa bàálù. Bàálù mọ̀, ìyá ẹlẹ́pà tó fẹ́ kọjá ọ̀sà kò mọ̀. Bí ìròyìn ojú ọjọ́ bá sì dé etí wa rárá, Faransé ni. Ẹgbẹ́ tó ní WhatsApp, tó ń fi fídíò ìgbéyàwó ránṣẹ́ lójoojúmọ́, kò lè fi ohùn Yorùbá àti ti Gùn ránṣẹ́ ní alẹ́ pé "lọ́la, ìkuukùu yóò pọ̀, ẹ dúró"? Àwọn ọmọ wa tó gbọ́ Faransé pọ̀ nínú ẹgbẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ìjọba ló ni ọ̀sà. Kí ìjọba ṣe tiẹ̀, mi ò ní kó má ṣe é. Wọ́n á ní ọlọ́kọ̀ yóò pàdánù owó. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ni mò ń sọ, títí oòrùn yóò fi tú u ká, kì í ṣe ọjọ́ kan. Àwọn mìíràn á ní omi ló mú ẹni tó bá mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ ẹni tó rì.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí Orò bá fẹ́ jáde, ṣé obìnrin kan ń yọjú síta? Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni, ìlú gbọ́, ìlú tì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ti odindi ìlú kò gbọdọ̀ sọ fún mi pé òun kò lágbára lórí ọkọ̀ mẹ́wàá ní èbúté. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ, ẹ má rò pé omi jìnnà sí yín. Àwọn ọmọ yín tó ń ṣòwò ní Àjàṣẹ́ wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí a ri òpó kan mọ́ inú ọ̀sà, mítà 500 sí èbúté, kí a kùn ún ní funfun àti pupa. Bí atukọ̀ bá dúró ní èbúté tí kò rí òpó, kò gbéra, ì báà jẹ́ ọjọ́ ọjà, ì báà jẹ́ ọjọ́ ọdún. Kí baálẹ̀ èbúté yan ẹni tí yóò máa dúró síbẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹni tí kò ní ọkọ̀ tirẹ̀. Kí ìdajì owó aṣọ ọdún yìí lọ sí gilet àti fèrè. Aṣọ ọdún tó kọjá kò tíì gbó.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àkọ́kọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi yóò mú iye owó òpó náà wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ káfíńtà.